Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Áàpù Ìtọ́jú Orúkọ Oníbàárà Bójú Tó Ilé Àyágbé Ọlọ́jọ́ Díẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Kò sí oṣù kan tí onílé kan kì í béèrè lọ́wọ́ mi pé áàpù wo ni kí òun fi máa bójú tó ilé tí òun ń fi fún àlejò fún ọjọ́ mélòó kan, irú ilé tí gbogbo wa ń pè ní shortlet. Àwọn kan ń gbé Parakin, àwọn kan ń gbé Modákẹ́kẹ́, àwọn mìíràn wà ní Èkó tàbí lókè òkun, tí wọ́n fi ilé wọn ní Ifẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò tàbí éjẹ́ńtì. Kí n tó dá wọn lóhùn, mo máa ń bi àwọn náà pé: àlejò tó sùn sí ilé yín kẹ́yìn, níbo ni orúkọ rẹ̀ wà báyìí? Ọ̀pọ̀ wọn a ní nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù éjẹ́ńtì, ọjọ́ tó dé wà nínú ọpọlọ àwọn, owó tó san sì wà nínú àlẹ́ẹ̀tì báńkì. Níwọ̀n ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá tíì pàdé lábẹ́ orúkọ ẹni náà, áàpù tó dára jù lọ kò lè ran onílé lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí mo gbà mọ èyí kò rọrùn. Ní ọdún kan, ní àsìkò ọdún Ọlọ́jọ́ tí yàrá òfo ti wọ́n nínú ìlú, ìdílé méjì pàdé ní ẹnu géètì ilé mi kan ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Èmi ni mo gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ti Abẹ́òkúta wá. Ọmọkùnrin tó ń bá mi mójú tó ilé ló gba ti àwọn tó ti Èkó wá, ó sì kọ orúkọ wọn sí fóònù tirẹ̀. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwa méjèèjì. Àwọn ọmọdé ti sùn lọ nínú ọkọ̀, ìyá wọn kò sì sọ̀rọ̀ kankan, ó kàn ń wò mí. Mo dá owó ìdílé kan padà, mo sì tẹ́ ibùsùn fún wọn nínú pálọ̀ tèmi mọ́jú. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbà kí orúkọ àlejò wà ní ibi méjì mọ́.

## Ohun tó yẹ kí ẹ ní lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Fóònù kan àti nọ́ńbà kan tó jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan. Ẹ má lo nọ́ńbà tí ẹbí fi ń pè yín.
- Àdírẹ́sì Gmail kan tó jẹ́ ti iṣẹ́, tí ẹ̀yin fúnra yín mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.
- WhatsApp Business, èyí tó yàtọ̀ sí WhatsApp lásán.
- Àkáǹtì báńkì tí owó ilé nìkan ń wọ̀.
- Ìwé ńlá kan tí ẹ ti fi rúlà pín, fún ọjọ́ tí iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.
- Ọ̀sán kan tí kò sí ẹni tó máa dí yín lọ́wọ́.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan áàpù tó bá iye ilé yín mu

Bí ilé yín kò bá ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ẹ má wulẹ̀ ra nǹkan kan. Google Contacts fún orúkọ, WhatsApp Business fún ọ̀rọ̀ sísọ, Google Calendar fún ọjọ́: ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kò sì béèrè ju fóònù tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Bí ilé bá ti tó márùn-ún sókè, tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta sì jọ ń dá àlejò lóhùn, ẹ lè wo HubSpot tàbí Zoho, àwọn áàpù tí wọ́n ṣe fún títọ́jú orúkọ oníbàárà, tí àwọn méjèèjì ní ìpele ọ̀fẹ́ tí ẹ lè fi dán an wò. Àǹfààní wọn ni pé gbogbo ohun tí àlejò ti bá yín sọ, àti ibi tí ìdúnàádúrà dé, máa ń hàn lójú ewé kan ṣoṣo.

Àwọn áàpù mìíràn wà tí wọ́n ṣe fún ilé àlejò gan-an, tí wọ́n ń so kàlẹ́ńdà Airbnb àti ti Booking.com, àwọn ìkànnì tí àlejò ti ń gba ilé, pọ̀. Wọ́n wúlò fún ẹni tí púpọ̀ nínú àlejò rẹ̀ ń gba orí àwọn ìkànnì yẹn wá. Ní ti Ifẹ̀, ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé ẹni tó mọ ẹni ló sábà máa ń mú àlejò wá, orí ìpè tàbí WhatsApp sì ni wọ́n ti ń béèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa dúró lórí ọ̀nà àkọ́kọ́ yìí nínú gbogbo ohun tó kù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò dáadáa kò ní pẹ́ mọ HubSpot lò bí ilé bá pọ̀ sí i, nítorí pé ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń lò.

## Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kó nọ́ńbà jọ, kí ẹ sì fọ̀ wọ́n mọ́

1. Ẹ fi àdírẹ́sì Gmail iṣẹ́ wọ Google Contacts. Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú ètò fóònù yín láti rí i dájú pé inú àkáǹtì yìí ni orúkọ tuntun ń lọ, pé kì í lọ sínú káàdì SIM. SIM kò ní àyè fún àlàyé nípa ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀, bó bá sì sọnù, tòun tọrúkọ ló lọ.

2. Ẹ gba nọ́ńbà àwọn àlejò àtijọ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti bá yín gba àlejò rí: éjẹ́ńtì, àbúrò, ẹni tó wà ní géètì. Àwọn àlejò tó ti wá láàárín ọdún kan sẹ́yìn ti tó. Ẹ má fi ìyókù da ara yín láàmú.

3. Ẹ kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú +234, kí ẹ sì yọ òdo tó wà níwájú, kí 0803 di +234803. Púpọ̀ nínú wa kì í ṣe é, nítorí pé òdo náà ń ṣiṣẹ́ bí a bá wà nílé. Ṣùgbọ́n bí onílé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá ń bá yín lo ìwé orúkọ kan náà, òdo yẹn ni kò ní jẹ́ kí ìpè rẹ̀ lọ.

4. Google Contacts máa ń dá àbá láti so àwọn orúkọ tó jọra pọ̀. Ẹ wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbà. Nínú ìwé orúkọ tèmi, Ìyá Ìbejì mẹ́ta ló wà: ọ̀kan jẹ́ àlejò, ọ̀kan ń bá mi fọ aṣọ ibùsùn, ọ̀kan ń ta gáàsì. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì kan láti so gbogbo wọn pọ̀, mo ti ń fi iye owó ilé ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta gáàsì nìyẹn.

5. Ẹ pa orúkọ tí ẹ kò mọ̀ mọ́ rẹ́. Bí ẹ bá ṣèèṣì pa èyí tí ẹ nílò rẹ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ló fi máa wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí Google Contacts kó tó lọ pátápátá, ẹ sì lè mú un padà láàárín ìgbà náà.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ní ìlànà kan fún kíkọ orúkọ

Ẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan ní àmì kúkúrú tí kò ní yí padà. Bí ẹ bá ní ilé méjì ní Parakin àti ọ̀kan ní Mayfair, PK1, PK2 àti MF1 ti tó. Lẹ́yìn èyí, orúkọ gbogbo àlejò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlànà kan náà: orúkọ tí ẹni náà fẹ́ kí a fi máa pe òun, ìlú tó ti wá, àmì ilé tó sùn sí kẹ́yìn. “Màmá Ìbejì, Òṣogbo, PK2.” Bí ìpè bá wọlé láago mọ́kànlá alẹ́, kí ẹ tó gbé e ni ẹ ti mọ ẹni tó ń pè, ilé tó wà, àti bí ẹ ó ṣe kí i.

Nínú àyè tí Google Contacts fi sílẹ̀ fún àlàyé ni iṣẹ́ gidi wà. Ẹ kọ nǹkan márùn-ún síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí àlejò bá wá:

- ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde;
- iye ènìyàn tó sùn;
- iye tó san, àti owó tí ẹ gbà sílẹ̀ nítorí nǹkan tó lè bàjẹ́;
- ohun tó béèrè tí kò sí nílẹ̀;
- ohun tó bàjẹ́ tàbí ẹjọ́ tó rò, àti bí ẹ ṣe yanjú rẹ̀.

Màmá kan máa ń wá sí Ifẹ̀ nítorí ọkọ rẹ̀ tó ń lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá, a fún wọn ní yàrá òkè, bàbá náà sì dúró lẹ́ẹ̀mẹta lórí àtẹ̀gùn kó tó dé òkè. Màmá béèrè ìkòkò tó tóbi díẹ̀ tó lè fi se ẹ̀kọ, a kò ní. Ohun tí mo kọ síwájú orúkọ rẹ̀ ni pé: “Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fún wọn. Ìkòkò ńlá.” Nígbà tó pè ní oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, ọmọ tó ń bá mi mójú tó ilé kò rí i rí, ṣùgbọ́n ó ka àkọsílẹ̀ náà, ó ṣí yàrá ìsàlẹ̀, ó sì gbé ìkòkò sórí sítóòfù. Màmá náà ti mú àlejò mẹ́rin mìíràn wá bá wa láti ìgbà náà.

Ẹ kíyè sí i pé n kò kọ àìsàn bàbá náà síbẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń tọ́jú ilé nílò láti mọ̀ ni ibi tí yóò fi àlejò sí. Èyí tó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdílé wọn.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pín àwọn orúkọ sí ìsọ̀rí

Ìsọ̀rí méjì ni mo ń lò, wọ́n sì wà ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èkíní wà lórí WhatsApp Business, ó sì ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé: Ó béèrè, À ń retí owó, Ó ti san, Ó wà nílé, Ó ti lọ. Áàpù náà ti ní àmì (label) tirẹ̀ tó bá wá, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń ta ọjà. Ẹ lè yí orúkọ wọn padà sí tiyín. Ogún àmì ló gbà láyè, ṣùgbọ́n márùn-ún yìí ti tó, nítorí pé bí àmì bá ti pọ̀ jù, kò sí ẹni tó máa rántí lò wọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá ń ká a lára.

Èkejì wà lórí Google Contacts, ó sì ń sọ ohun tó gbé àlejò wá sí Ifẹ̀: Yunifásítì, Ilé ìwòsàn, Ọlọ́jọ́, Ifá, Ìnáwó. Èyí ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń fò, òun gan-an ló sì ń mú owó wá. Ìlú wa ní àsìkò tirẹ̀. Òbí àti ẹbí ń rọ́ wá nígbà ìgbawọlé àti ìgboyèjáde ní OAU. Àwọn olùkọ́ láti yunifásítì mìíràn ń wá dán akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ọdún Ọlọ́jọ́ máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Ọdún Ifá àgbáyé ní Òkè Ìtasẹ̀ máa ń wáyé nínú oṣù kẹfà, ó sì ń mú àlejò láti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà wá. Bí ẹ bá ti pín orúkọ báyìí, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú Ọlọ́jọ́, àwọn tó wá ní ọdún tó kọjá nìkan ni ẹ máa kọ̀wé sí, ẹ kò ní yọ ẹni tó wá tọ́jú aláìsàn lẹ́nu.

Ẹ rántí pé bí ẹ bá fi àkójọ ìránṣẹ́ WhatsApp (broadcast list) ránṣẹ́, kò gbà ju ènìyàn 256 lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí kò bá sì ní nọ́ńbà yín nínú fóònù rẹ̀ kò ní rí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, ọjọ́ tí àlejò bá ń lọ ni kí ẹ ti bẹ̀ ẹ́ pé kó tọ́jú nọ́ńbà yín.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Láti ìbéèrè dé ìdágbére

Apá yìí ni kí ẹ tẹ̀ jáde tàbí kí ẹ dà kọ, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

1. Ẹ kọ orúkọ kí ẹ tó dá iye owó. Bí ìbéèrè bá ti wọlé, ẹ bi ẹni náà ní ohun mẹ́rin: ọjọ́ wo lẹ ń wọlé, ọjọ́ wo lẹ ń jáde, ẹ tó mélòó, kí ló ń gbé yín bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kódà bí ẹni náà kò bá wá mọ́. Ẹni tí kò rí àyè lọ́dún yìí lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ máa pè lọ́dún tó ń bọ̀.

2. Ẹ wo kàlẹ́ńdà. Ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀ lórí Google Calendar, àwọ̀ tirẹ̀, kí gbogbo ẹni tó ń gba àlejò sì lè rí i. Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì ṣí kàlẹ́ńdà kò gbọ́dọ̀ sọ pé àyè wà. Bí ilé yín bá tún wà lórí Airbnb, ẹ so kàlẹ́ńdà méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba wákàtí mélòó kan. Bí àsìkò ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ẹ fúnra yín lọ ti ọjọ́ náà lórí Airbnb bí ẹ bá ti gba owó níbòmíràn.

3. Ẹ sọ iye owó àti aago tí ẹ máa fi àyè náà dúró dè wọ́n dà. “À ń dì í mú fún yín títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní.” Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àmì À ń retí owó sí i. Bí aago mẹ́fà bá lù tí owó kò wọlé, ẹ kọ̀wé sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ẹ ti fi àyè sílẹ̀. Ẹ má bínú, ẹ má sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

4. Ẹ jẹ́rìí owó nínú áàpù báńkì yín. Ẹ má gba àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ gbọ́, ẹ má sì gba àlẹ́ẹ̀tì orí fóònù gbọ́ nìkan, nítorí pé àlẹ́ẹ̀tì irọ́ wà káàkiri. Àfi bí ẹ bá wọ inú áàpù, tí ẹ sì rí i pé iye tó wà nínú àkáǹtì ti gòkè. Ìgbà náà ni ẹ máa kọ ọ́ sí kàlẹ́ńdà, tí ẹ máa fi àmì Ó ti san sí i, tí ẹ sì máa kọ iye náà sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ má yí ètò yìí padà.

5. Bó bá ku ọ̀la kí àlejò dé, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìtọ́nisọ́nà ránṣẹ́. Nọ́ńbà ojúlé kì í fi bẹ́ẹ̀ ran àjèjì lọ́wọ́ ní Ifẹ̀. Ohun tí ojú rí láti ọ̀nà ló ń ran an lọ́wọ́. Apẹẹrẹ rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

6. Nígbà tí wọ́n bá dé, ẹ wò ó bóyá àwọn tó wá ni àwọn tí ẹ kọ orúkọ wọn. Bí ẹlòmíràn bá wá dípò ẹni tó sanwó, ẹ pe ẹni tó sanwó kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Ẹ ya fọ́tò mítà iná, kí ẹ̀yin àti àlejò jọ rí nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀.

7. Ẹjọ́ tí wọ́n bá rò nígbà tí wọ́n ń gbé ibẹ̀, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bí àlejò mẹ́ta bá rojọ́ omi báfù kan náà, ìgbà tó bá wà ní àkọsílẹ̀ ni ẹ tó máa mọ̀ pé páìpù omi ni kí ẹ pààrọ̀, pé nínù lásán kò tó.

8. Ní ọjọ́ ìlọ, ẹ bá àlejò rìn yí ilé ká kí ẹ tó dá owó tí ẹ gbà sílẹ̀ padà. Ẹ kọ iye tí ẹ dá padà. Ẹ yí àmì sí Ó ti lọ.

9. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì béèrè bí ìrìn àjò ṣe rí. Ẹ má polówó ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ yìí.

### Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń sọ lójoojúmọ́

WhatsApp Business gbà yín láyè láti tọ́jú àádọ́ta èsì kúkúrú. Bí ẹ bá tẹ àmì “/” pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí ẹ yàn, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á jáde. Èyí tí mo fi sábẹ́ “/ona” nìyí:

“Ẹ káàbọ̀ o. Ilé yín ti wà ní sẹpẹ́ láti aago méjì ọ̀sán. Bí ẹ bá ti dé Lágere, ẹ pe nọ́ńbà yìí kí a lè tọ́ yín sọ́nà. Bí iná bá lọ, ínfátà ń gbé gílóòbù àti fáànù, kì í gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ fúnra yín. Ẹ pe ẹni tó wà ní géètì.”

Ẹ kọ tiyín ní irú èdè tí ẹ máa ń bá àlejò sọ. Fún àgbà, ẹ ka ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì fi orúkọ tàbí oyè rẹ̀ sí iwájú.

## Ẹ má gbàgbé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́

Ọ̀pọ̀ máa ń fi áàpù tọ́jú orúkọ àlejò, wọ́n á wá fi pọ́ńbà sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, omi ń ya jáde lábẹ́ síńkì MF1, mo sì ní “Pọ́ńbà” mẹ́ta nínú fóònù. Ẹni àkọ́kọ́ ti kó lọ sí Àkúrẹ́. Ẹnì kejì kì í ṣiṣẹ́ lálẹ́. Ẹnì kẹta kò gbé ìpè. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ti omi pa láti ojú táǹkì, àlejò kò sì wẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bí mo ṣe ń kọ wọ́n nísinsìnyí nìyí: iṣẹ́, àdúgbò, bóyá ó ń wá lálẹ́. “Pọ́ńbà, Ẹlẹ́yẹlé, ń wá lálẹ́.” Nínú àlàyé, mo ń kọ iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn, ọjọ́ rẹ̀, àti iye tó gbà, kí iye owó má baà máa yí padà bí ẹni tó pè é ṣe yí padà. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ènìyàn méjì, ó kéré tán: pọ́ńbà, oníná, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ẹni tó ń ta gáàsì, ẹni tó ń fọ aṣọ, ẹni tó ń gbé omi wá.

## Bí ẹlòmíràn bá ń bá yín bójú tó ilé

Nọ́ńbà WhatsApp kan lè wà lórí ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn yàtọ̀ sí fóònù tó ni ín. Ẹ so fóònù alámòójútó mọ́ nọ́ńbà iṣẹ́, kí ó má fi nọ́ńbà tirẹ̀ gba àlejò mọ́ rárá. Òfin wa nílé ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dá àlejò lóhùn ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ onílé, ìbáà jẹ́ alámòójútó. Bí alámòójútó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ní ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ yọ fóònù rẹ̀ kúrò nínú àwọn ẹ̀rọ tí ẹ so, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lórí kàlẹ́ńdà. Kò túmọ̀ sí pé ẹ fura sí i. Ààbò tirẹ̀ náà ni, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó ti lọ.

## Ìkìlọ̀: Àṣírí àlejò wà lọ́wọ́ yín

Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn, tí Nigeria Data Protection Commission sì ń mójú tó o. Ẹ má rò pé ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló kàn. Bí ẹ bá ti ń kó orúkọ, nọ́ńbà àti àwòrán káàdì ìdánimọ̀ jọ fún iṣẹ́, ó kàn yín.

- Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń gba ohun tí ẹ ń gbà, kí ẹ má sì gba ju ohun tí ẹ nílò lọ.
- Ẹ wo káàdì ìdánimọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi àwòrán rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀, kó wà ní ibi kan tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ máa pa á rẹ́.
- Ẹ má fi nọ́ńbà àlejò fún onímọ́tò tàbí olóúnjẹ láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀.
- Bí àlejò bá ní kí ẹ pa orúkọ òun rẹ́, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ ti ṣe é.
- Ẹni tó bá gba orí Airbnb wá, orí Airbnb ni kí ó ti sanwó. Ìkànnì náà kò gbà kí a fa àlejò kúrò lórí rẹ̀ láti wá sanwó níta, wọ́n sì lè ti ojú ewé yín pa.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Èyí tó burú jù ni kí ènìyàn sọ pé òun á kọ ọ́ sílẹ̀ tó bá di alẹ́. Alẹ́ á dé, iná á lọ, ọ̀rọ̀ á sì bọ́ sọnù. Òmíràn ni kí a máa kọ “Àlejò” tàbí “Ọ̀gá Èkó” gẹ́gẹ́ bí orúkọ. Àwọn kan máa ń ṣí áàpù mẹ́ta pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á kọ orúkọ díẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tún padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Ẹ lo ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta kí ẹ tó pinnu pé kò dára. Àwọn mìíràn a sì máa fi ìpolówó ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí àwọn àlejò á fi dí ọ̀nà mọ́ nọ́ńbà wọn. Bó bá ti pọ̀ tó, WhatsApp lè ti nọ́ńbà náà pa.

## Bí iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ

Google Contacts àti Google Calendar ń gba àkọsílẹ̀ lórí fóònù bí dátà kò bá tilẹ̀ sí, wọ́n á sì gbé e lọ nígbà tí dátà bá padà dé. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnì kejì yín kò tíì rí i. Nítorí náà, bí ẹ bá gba owó nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ẹ pe alámòójútó lórí fóònù kí ẹ tó sọ fún àlejò pé ó ti parí. Bí fóònù bá ti kú pátápátá, ẹ lo ìwé tí ẹ fi rúlà pín: orúkọ, nọ́ńbà, ilé, ọjọ́, owó. Ẹ gbé e sínú áàpù kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì fa ìlà lé e nínú ìwé.

## Ẹ̀dà àpamọ́, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí fóònù bá sọnù

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ gbé gbogbo orúkọ jáde láti inú Google Contacts sínú fáìlì CSV (irú èyí tí Excel lè ṣí), kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tàbí fíláàṣì. Lórí WhatsApp, ẹ tan ìdánilójú onípele méjì (two-step verification), tó máa ń béèrè nọ́ńbà àṣírí ẹlẹ́yọ mẹ́fà, kí olè má baà lè fi nọ́ńbà yín ṣí WhatsApp sórí fóònù tirẹ̀.

Bí fóònù bá sọnù, ẹ ṣe é báyìí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra gan-an:

1. Ẹ pe ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín láti ti SIM pa.
2. Ẹ pe báńkì, bí áàpù báńkì bá wà lórí fóònù náà.
3. Ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn wọ àkáǹtì Google, kí ẹ yọ fóònù tó sọnù kúrò, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà.
4. Ẹ lọ gba SIM náà padà pẹ̀lú NIN yín, kí ẹ sì ṣí WhatsApp Business sórí fóònù tuntun.
5. Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà, kí ẹ pe gbogbo àlejò tó ń bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ní ohùn ẹnu yín, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má san kọ́bọ̀ sí àkáǹtì tuntun kankan tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ ní orúkọ yín.